Ohun Tí Mo Rí Láti Ẹ̀yìn Kíláàsì

Bí ẹ kò bá gbúròó mi láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ má fi ṣe ìbínú. Àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń lọ sí ilé-ìwé girama láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ni a wà, àwa olùkọ́ wọn ní yunifásítì ni a sì ń tọpa wọn láti ilé-ìwé kan dé èkejì. Ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n máa ń fún wa ní ìjókòó, lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún ọmọ ọdún méjìlá, tí orúnkún wa yóò sì máa gbá abẹ́ tábìlì. Fọ́ọ̀mù kan a wà lọ́wọ́ wa tí a ó máa fi máàkì sí: ìmúra, ohùn, lílo pátákó, kíkó àwọn ọmọ níjàánu, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi pé ọgọ́rùn-ún.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó báyìí sí ẹ̀yìn kíláàsì kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níwájú tó ń kọ́ni ní ohùn orí ọ̀rọ̀. Ó kọ igbá, ìgbá, igba, ìgbà àti igbà sí pátákó, ó ń fi dò-re-mí gbé wọn lẹ́sẹẹsẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò burú rárá, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ti padà sí ọdún 2002, sí ilé-ìwé girama kan ní Ìbàdàn, níbi tí èmi gan-an ti jókòó sí irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, tí mo ń wo àwọn àgbà olùkọ́, tí mo sì rò pé mo ń rí ohun tí mo ń wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi ṣe tíìpíì nígbà náà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kò gbọdọ̀ kọ́ni rárá. Kí a jókòó, kí a wo àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí a sì kọ ohun tí a bá rí sínú ìwé, àṣẹ tí wọ́n pa fún wa nìyẹn. Mo ka ọ̀sẹ̀ náà sí àfiṣòfò. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, mo ti ka ẹ̀kọ́ nípa ìró, mo ti ka ìhun gbólóhùn, kò sì sí gbólóhùn tó gùn tí n kò lè tú palẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wò lọ́dọ̀ ẹni tó ti ń fi ìwé kan náà kọ́ni láti ìgbà tí n kò tíì wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ méjì ni mo wò jù. Èkíní ni olùkọ́ ìṣirò, ọkùnrin kan tí ẹni tó bá ń gbọ́ kíláàsì rẹ̀ láti ìta yóò rò pé ibi ìnáwó ni. Yóò sọ ìdajì ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ yóò sì pariwo ìdajì yòókù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọ́ni, ṣùgbọ́n “Ṣé ó yé yín?” rẹ̀ kì í kúrò ní Yorùbá, ìdáhùn náà a sì máa mi òrùlé: “Ó yé wa, sà!” Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé “olùkọ́ gidi”, mo sì fàlà sí i nídìí.

Èkejì ni olùkọ́ èdè Yorùbá, ẹni tí wọ́n ní kí n máa tẹ̀ lé. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Màmá ni tolùkọ́ takẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ó ti lò ju ogún ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Kì í rìn káàkiri. Bí ó bá béèrè ìbéèrè, yóò dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà yóò sì gùn débi pé èmi tí mo jókòó lẹ́yìn ni n óò máa làágùn. Mo rò pé ó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ ni. Ní ọjọ́ kejì, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: “Ó lọ́ra. Kò ní ìtara.” Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi di òní. Bí ìgbéraga bá fẹ́ gùn mí, òun ni mo máa ń ṣí.

Ní Ọjọ́bọ̀, nítorí pé ọwọ́ mi dilẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi aago ọwọ́ mi ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Márùn-ún. Nígbà mìíràn, ó tó méje. Kí ó tó pé méjì, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó wà níwájú yóò ti na ọwọ́ tán, wọn yóò máa ju ìka bí ẹni tí iná ń jó. Màmá kò ní wò wọ́n. Tó bá di ìkarùn-ún, ọwọ́ kan yóò yọ láti àárín kíláàsì, yóò gòkè díẹ̀, yóò tún fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni yẹn ni yóò pè.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo ka iṣẹ́ tí Mary Budd Rowe, ará Amẹ́ríkà kan, gbé jáde ní ọdún 1974. Ó wọn iye àkókò tí àwọn olùkọ́ ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè, ó sì rí i pé kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kí wọ́n tó tún un bi tàbí kí wọ́n pe ẹlòmíràn. Bí olùkọ́ bá lè mú sùúrù tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ a máa gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ a sì máa lanu. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Màmá kò mọ Rowe rí, àwọn ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ ni ó mọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí n kò rí. Màmá kì í béèrè “Ṣé ó yé yín?” láéláé. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́. Ó wò mí, ó ní, “Àbúrò mi, ọmọ wo ni o rò pé yóò dìde láàárín ọmọ méjìlélọ́gọ́ta, tí yóò ní kò yé òun?” Mo ní báwo wá ni ó ṣe ń mọ̀? Ó ní òun máa ń wo ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kì í ṣe ara àwọn tó mọ̀wé jù, kì í sì ṣe ara àwọn tó gbẹ́yìn. Bí nǹkan kò bá yé e, yóò máa fi bírò gbá eyín. Bí ó bá ti gbé bírò náà sílẹ̀, Màmá yóò kọjá sí ohun tó kàn. Mo ti jókòó sẹ́yìn ọmọ náà fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ìpàkọ́ rẹ̀ ni mo ń wò.

Ìgbà yẹn ni mo gbé àga mi kúrò lẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo gbé e sí, níbi tí mo ti lè rí ojú àwọn ọmọ. Mo ṣe bákan náà ní kíláàsì olùkọ́ ìṣirò, mo sì rí i pé nínú ariwo “Ó yé wa, sà” yẹn, bí ìdajì àwọn ọmọ náà ń la ẹnu lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu àwọn tó kù. Ẹ mọ bí ẹni tí kò mọ orin ṣe máa ń kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì: ẹnu aládùúgbò ni yóò máa wò. Èyí kò sọ ọkùnrin náà di olùkọ́ burúkú o. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, ìṣirò kò sì bà wọ́n lẹ́rù, ohun ńlá nìyẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n mo pa ìlà tí mo fà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Dan Lortie, onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ìṣirò kan nínú ìwé rẹ̀ Schoolteacher tó jáde ní ọdún 1975. Ó ní kí ọmọ tó jáde ní ilé-ìwé girama, yóò ti fi nǹkan bíi wákàtí 13,000 jókòó síwájú olùkọ́. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí èèyàn ń wò tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó lọ kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí olúkúlùkù wa fi rò pé òun mọ iṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ jókòó sí ni ó ti ń wò. Ọmọdé tó ń sá tẹ̀lé egúngún kiri àdúgbò lè sín ijó rẹ̀ jẹ láìku ẹsẹ̀ kan, síbẹ̀ kò mọ bí ooru ṣe ń mú nínú ẹ̀kú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí n máa kọ́ni. Fáwẹ́lì ni iṣẹ́ mi àkọ́kọ́. Mo ti múra rẹ̀ bí ẹni ń múra ìgbéyàwó. Mo kọ fáwẹ́lì àìránmúpè méjèèje sí pátákó, mo ya àwòrán ẹnu tó fi bí ahọ́n ṣe ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ hàn, mo wá fi òfin kan tí mo fẹ́ràn jù kádìí rẹ̀. Mo ní, “Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan tó ń fi u bẹ̀rẹ̀.”

Ọmọbìnrin kan na ọwọ́. Táàmù yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkìtì dé, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ni ó ń gbé. Ó ní, “Sà, ulé ńkọ́?”

Mo ní, “Kí ni ó ń jẹ́ ulé?”

“Ibi tí a ń gbé, sà.”

Ẹ̀rín bú gbàù. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí. Mo ní, “Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. Ilé ni. Jókòó.” Mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ibi tó burú jù. Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n! A ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ẹ̀ka-èdè pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń fi i bẹ̀rẹ̀ ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń fi u bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ ulé àti uṣu gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ nínú ìdánwò, wọ́n sì fún mi ní máàkì lórí wọn. Ohun tó fún mi ní máàkì lórí tákàdá ni mo fi dójú ti ọmọ ọdún méjìlá nígbà tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àṣìṣe náà kì í ṣe ti olùkọ́ nìkan, ti onímọ̀ èdè náà ni. Mo sọ “Yorùbá” níbi tó yẹ kí n ti sọ “Yorùbá àjùmọ̀lò”.

Ẹ̀yìn ni Màmá jókòó sí ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń máàkì ìwé. Mo rò pé kò tilẹ̀ tẹ́tí sílẹ̀. Nígbà tí a dé yàrá àwọn olùkọ́, ó ní ohùn mi dára, àwòrán mi sì dára. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, “Àwọn mélòó ni kò lanu rárá lónìí?”

N kò mọ̀.

Ó ní, “Kò burú. Lọ wò ó lọ́la.”

Mo wò ó lọ́la, mo sì wò ó ní ọ̀túnla. Ọmọbìnrin náà kò na ọwọ́ mọ́. Bí gbogbo kíláàsì bá ń ka ìwé pọ̀, ètè rẹ̀ kì í mì. Àwọn ìdáhùn tó wà nínú ìwé rẹ̀ pé, kò sì sí èyí tó gbé e jáde lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, mo nawọ́ sí àwòrán iṣu nínú ìwé, mo sì dárúkọ rẹ̀ pé kí ó sọ ohun tó jẹ́. Ó ronú díẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ní, “Yam, sà.” Nínú kíláàsì Yorùbá, ọmọ Yorùbá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò fi Gẹ̀ẹ́sì náà rẹ́rìn-ín.

Mo ń retí pé Màmá yóò bá kíláàsì náà wí, tàbí kí ó bá èmi wí. Kò ṣe é. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kò ṣe ohunkóhun tí ojú mi rí, mo sì rò pé ó ti gbàgbé. Mo kàn ṣàkíyèsí pé ọmọ náà ni ó ń rán lọ gba ṣọ́ọ̀kì. Mo tún rí wọn nígbà kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: ọmọ náà ń sọ nǹkan, Màmá, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé, ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e, kò sì lè sọ ọ́ dáadáa, ọmọ náà ń fi í rẹ́rìn-ín. N kò kọ ìyẹn sínú ìwé mi. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fún gbogbo kíláàsì ní iṣẹ́ àṣetiléwá pé kí wọ́n lọ bi àwọn àgbà ilé wọn ní ohun tí wọ́n ń pe nǹkan mẹ́wàá kan ní ìlú wọn. Nígbà tí wọ́n dé, ó pín pátákó sí mẹ́rin. Àwọn ọmọ Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ pè, àwọn ni ó sì pọ̀ jù. Ó nawọ́ sí àwòrán iṣu. Wọ́n ní, “Isu!” Ó kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe pè é, láìfi kán sí abẹ́ s. Ó kọ iṣu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sábẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò. Kíláàsì náà pa rọ́rọ́. Àwọn tó ti fi ulé rẹ́rìn-ín ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹnu tiwọn náà wà lórí pátákó. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan, tí ẹnì kankan kò mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé uṣu ni bàbá àgbà òun ń pè é. Màmá kọ ọ́.

Ó wá dákẹ́. Kò wo ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà. Fèrèsé ni ó ń wò. N kò ka ìṣẹ́jú àáyá lọ́jọ́ yẹn.

“Àwa náà, mà. Uṣu. Ulé, mà.”

Màmá kọ Èkìtì sókè, ó kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀. Ó wá kọjú sí gbogbo wọn, ó ní òtítọ́ ni olùkọ́ wọn sọ nípa Yorùbá tí a fi ń kọ ìwé, i ni kí wọ́n máa kọ nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n ilé pọ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Ó bo èmi náà láṣírí. Mo bi í lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí kò kọ́kọ́ pe ọmọ Èkìtì, nígbà tó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni. Ó ní, “Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn yóò tún rẹ́rìn-ín ni.”

Ọgbọ́n ti wá kún inú mi báyìí, mo fẹ́ ṣe bíi Màmá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo béèrè ìbéèrè kan, mo sì dákẹ́. Mo tẹjú mọ́ wọn, mo ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta nínú. Kí n tó dé ìkarùn-ún, ariwo ti gba kíláàsì, ọmọ kan sì fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, “Sà, ṣé ẹ ti gbàgbé ni?” Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Màmá ni mo kó, n kò kó ohun tó ń fi ojú ṣe nínú rẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi ṣe yín lálejò díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń pè ní àwòkọ́ṣe. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à ni ó wà níwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta sì tẹ̀ lé e: wò, kọ́, ṣe. Mo ti pe ọ̀rọ̀ yìí láìmọye ìgbà láìka àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún yẹn, láti orí wò ni mo ti fò bọ́ sórí ṣe. Alágbẹ̀dẹ kò jẹ́ gbà kí ọmọ iṣẹ́ òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹwìrì ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ máa fín fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó fi ọmọ owú lé e lọ́wọ́. Àwa ń fi ọ̀sẹ̀ kan wò, a sì ń gba ṣọ́ọ̀kì ní Ọjọ́ Ajé.

Ní ti ọmọbìnrin náà, ó padà ń dáhùn ìbéèrè, ṣùgbọ́n ti Màmá ni. Títí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi pé tí mo fi kó ẹrù mi, kò na ọwọ́ sí mi mọ́.

Mo ń ro gbogbo èyí lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ tí mo ń wí títí agogo fi lù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kó ìwé rẹ̀ wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń retí ohun tí n óò sọ nípa dò-re-mí rẹ̀. Mo ní ohùn rẹ̀ dára. Mo wá béèrè ìbéèrè tí mo ti fi ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti ọdún yìí wá, tí mo sì mọ bí ojú wọn ṣe máa ń rí lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, “Àwọn mélòó ni kò lanu rárá lónìí?”

Ó ní, “Mọ́kànlá, sà. Ṣùgbọ́n ara méjì nínú wọn kò yá.”

Mo wò ó. Mo bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ kí ó máa kà wọ́n. Ó yíjú sí igun kan lápá òsì, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí obìnrin kan tó ti dàgbà díẹ̀ jókòó sí, tó to ìwé àwọn ọmọ sórí itan, tó ń fi bírò pupa máàkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti wà nínú kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀.